Fóònù, Ẹ̀rọ Amúnáwá àti Ìlera: Ohun Tó Yẹ Ká Máa Ṣe Nílé àti Lẹ́nu Ìrìnàjò

Ní ìlú Warri, ní Ìpínlẹ̀ Delta, bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí NEPA sì mú iná lọ, kì í pẹ́ tí ariwo ẹ̀rọ amúnáwá yóò fi gba àdúgbò kan. Láyé àtijọ́, nítorí gílóòbù àti fáànù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń tan ẹ̀rọ náà. Lóde òní, fóònù ni ọ̀pọ̀ ìdílé kọ́kọ́ máa ń so mọ́ iná, nítorí pé inú fóònù ni owó, iṣẹ́, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àti ọ̀rọ̀ ẹbí tó wà lájò wà.

Fóònù fúnra rẹ̀ kì í sábà pa ènìyàn lára. Ibi tí ewu wà ni ọ̀nà tí a ń gbà fún un ní iná, ibi tí a ń gbé e sí nígbà tó bá ń gba iná, àti àkókò tí a yàn láti lò ó. Bí a bá mọ nǹkan mẹ́ta yìí, ọ̀pọ̀ ikú àti ìpalára tí à ń gbọ́ ní ilé àti lójú ọ̀nà ni a lè dènà láìná owó púpọ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan Warri

Yorùbá a máa sọ pé ènìyàn kì í gbé ẹ̀bá odò kí ó máa fi itọ́ bọ́jú. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí ní agbègbè Warri nìyẹn. Ughelli, tí kò jìnnà sí Warri, ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè iná mànàmáná jù lọ ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, iná kì í dúró pẹ́ nínú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ BEDC tó ń pín iná fún wọn kan náà ni a dá sílẹ̀ láti máa pín in fún Edo, Oǹdó àti Èkìtì, nítorí náà ìṣòro yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ará Àkúrẹ́ tàbí Adó-Èkìtì.

Òjò tún jẹ́ ọ̀ràn tirẹ̀. Ìlú tí òjò ti ń rọ̀ púpọ̀ ni Warri. Bí òjò bá ń rọ̀ lóru, tí ẹ̀rù olè sì ń ba onílé, ohun tó rọrùn jù lọ ni kí ó gbé ẹ̀rọ amúnáwá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìdáná tàbí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Onílé yóò sùn pẹ̀lú fóònù tó ń gba iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ewu tó tóbi jù lọ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èéfín tí ojú kò lè rí

Nígbà tí epo bẹntiróòlù bá ń jó nínú ẹ̀rọ tí kò sì jó tán pátápátá, afẹ́fẹ́ olóró kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide máa ń bá èéfín jáde. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Èéfín dúdú tí ojú ń rí lè tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ẹ̀rọ tí èéfín rẹ̀ kò hàn rárá ṣì lè máa tú carbon monoxide jáde. Àdògán eléèédú tí a bá gbé sínú yàrá, àti ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, máa ń tú u jáde bákan náà.

Bí ó ṣe ń pani kò ṣòro láti yé. Èròjà pupa kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, tí a ń pè ní hemoglobin, tó máa ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí ọpọlọ, ọkàn àti gbogbo ara. Agbára tí carbon monoxide fi ń lẹ̀ mọ́ èròjà yìí ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Bí ó bá ti gba àyè ọ́síjìn, ẹni náà yóò ṣì máa mí, ṣùgbọ́n ọpọlọ àti ọkàn rẹ̀ kò ní rí ohun tí wọ́n nílò. Ẹni tó bá jí lójú oorun lè gbìyànjú láti dìde kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má gbé e. Ẹni tó bá sùn wọra lè má jí mọ́.

Àwọn ọmọdé, àwọn aboyún àti ọmọ inú wọn, àwọn àgbàlagbà, àti àwọn tó ní àrùn ọkàn tàbí ikọ́ fée ni ó máa ń tètè ṣe ní ibi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí fèrèsé bá ti ṣí, kò séwu. Èyí kì í ṣe òótọ́. Àjọ CDC tó ń dènà àrùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbani nímọ̀ràn pé kí ẹ̀rọ amúnáwá wà ní ìta gbangba, kí ó sì jìnnà sí fèrèsé, ilẹ̀kùn àti ihò atẹ́gùn ní nǹkan bíi mítà 6, ó kéré tán. Kí ẹnu ibi tí èéfín ń gbà jáde má ṣe kọjú sí ilé, yálà ilé ẹni tàbí ti aládùúgbò. Ní àwọn ilé oníyàrá tó kọjú síra wọn, níbi tí ìdílé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ti ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ẹ̀rọ ẹnì kan lè pa ẹni tí kò tan ẹ̀rọ rárá. Ó dára kí àwọn ayálégbé àti onílé jọ fẹnu kò sí ibi kan ní ìta, kí wọ́n kọ́ òrùlé kékeré tí kò ní ògiri síbẹ̀ fún òjò, kí wọ́n sì fi ṣéènì de ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ nítorí olè.

Ṣé ibà ni àbí èéfín?

Àmì tí carbon monoxide kọ́kọ́ máa ń fi hàn ni orí fífọ́, òòyì, àárẹ̀, èébì àti àìlè ronú dáadáa. Ní ilẹ̀ wa, ibà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ pè. Wọ́n á lo oògùn ibà, wọ́n á sì padà sùn sínú yàrá kan náà.

Àwọn ìbéèrè kan wà tó lè ran ènìyàn lọ́wọ́. Ǹjẹ́ orí ń fọ́ ẹni tó ju ẹyọ kan lọ nínú ilé ní àkókò kan náà? Ǹjẹ́ ara ń yá wọn bí wọ́n bá jáde sí ìta, tí ó sì tún ń padà bí wọ́n bá wọlé? Ǹjẹ́ ẹ̀rọ amúnáwá kan ń ṣiṣẹ́ nítòsí? Ǹjẹ́ orí ń fọ́ láìsí pé ara gbóná? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fura sí èéfín kí ẹ tó fura sí ẹ̀fọn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń lo bátìrì, tó sì máa ń pariwo bí carbon monoxide bá ti pọ̀ nínú yàrá. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kí ó gbé e kọ́ sí ìtòsí ibi tí wọ́n ń sùn.

Ohun tó yẹ kí a ṣe bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ carbon monoxide ṣe rí gan-an nìyẹn. Ohun àkọ́kọ́ ni kí gbogbo ènìyàn jáde sí ibi tí afẹ́fẹ́ tútù wà. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé lọ gbé ẹlòmíràn jáde kò gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ náà lè dá òun náà dùbúlẹ̀. Kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, kí wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì pe nọ́ńbà pàjáwìrì 112, tí a kì í san owó láti pè.

Bí ẹni náà kò bá mọ nǹkan kan mọ́ ṣùgbọ́n tí ó ń mí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí èébì má bàa dí i lọ́fun. Bí kò bá mí, kí ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń tẹ àyà bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní ọ́síjìn, nítorí pé ọ́síjìn ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ̀rọ amúnáwá ń ṣiṣẹ́ nítòsí, kí wọ́n má bàa fi àkókò ṣòfò lórí ibà. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá náà ní láti rí dókítà.

Ẹ má ṣe da epo pupa, mílíìkì tàbí omi sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Àṣà yìí wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní Delta, ṣùgbọ́n epo pupa kò lè yọ carbon monoxide kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá dà á sí ẹnu ẹni tí kò mọ ara, ó lè gba ibi tí kò yẹ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì dá kún ewu náà.

Iná tí fóònù nílò kò tó bí a ṣe rò

Fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh kò gba ju nǹkan bíi 19 watt-hour lọ kí ó tó kún. Ẹ̀rọ amúnáwá tó kéré jù lọ ní ọjà lè pèsè iye iná yẹn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù kò lè yára gbà á tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí a bá tan ẹ̀rọ mọ́jú nítorí fóònù, epo àti ìlera ni à ń sun dànù. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ lórí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìnáwó náà sì ti wúwo sí i.

Power bank 20,000 mAh kan lè kún irú fóònù bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A lè so ó mọ́ iná NEPA nígbà tó bá wà, tàbí mọ́ páńẹ́ẹ̀lì sólà kékeré ní ọ̀sán, kí a sì fi kún fóònù ní alẹ́ láìsí èéfín. Bí ó bá pọn dandan láti tan ẹ̀rọ amúnáwá, kí a tan án ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo ènìyàn ṣì lajú, kí a sì pa á kí a tó lọ sùn.

Kí a tó bu epo sí i, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì dúró títí yóò fi tutù. Epo tó bá kán sórí irin gbígbóná lè gbiná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má ṣe lo àtùpà tàbí àbẹ́là láti fi wo inú táǹkì. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì epo sí inú yàrá tàbí ilé ìdáná. Bí iná bá jó ènìyàn, ẹ da omi tútù tó ń ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹyin tútù, epo pupa, ọṣẹ ìfọyín àti ògì kì í ṣe oògùn iná.

Ṣájà, bátìrì àti omi

Lithium ló wà nínú bátìrì fóònù, power bank àti kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ooru àti ìpalára ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ má ṣe fi fóònù tó ń gba iná sí abẹ́ ìrọ̀rí tàbí sórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí pé ooru rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde. Orí tábìlì tàbí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló yẹ ẹ́. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má ṣe so ó mọ́ iná mọ́, ẹ má sì ṣe fi nǹkan gún un. Ẹ yẹra fún ṣájà olówó pọ́ọ́kú tó ń gbóná ju bó ti yẹ lọ, tàbí tí wáyà rẹ̀ ti bó.

Nígbà tí NEPA bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé, agbára iná lè pọ̀ jù fún ìgbà díẹ̀. Ẹ yọ ṣájà nígbà tí iná bá lọ, kí ẹ sì dúró díẹ̀ kí ẹ tó tún un so nígbà tó bá dé. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tútù kan sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí iná bá gbé ènìyàn, ẹ kọ́kọ́ pa iná náà níbi tó ti ń wá kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹni náà.

Ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Delta. Omíyalé ọdún 2012 àti ti ọdún 2022 lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé ní ìpínlẹ̀ náà. Bí omi bá ti wọ ilé dé ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, kí ẹnikẹ́ni má tan iná títí oníṣẹ́ iná yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Fóònù tó bá bọ́ sínú omi, pàápàá omi iyọ̀, kò gbọ́dọ̀ kan ṣájà títí yóò fi gbẹ pátápátá.

Ìkìlọ̀ kan tún wà fún àwọn òbí. Bátìrì kékeré pẹlẹbẹ bíi owó ẹyọ, èyí tó ń wà nínú rìmóòtù, aago àti ohun ìṣeré, lè jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ láàárín wákàtí méjì tó bá gbé e mì. Bí ẹ bá fura sí i, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí kò bá sunkún.

Ní ojú pópó

Ẹni tó bá ti Èkó lọ sí Warri yóò gba Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọ̀rẹ̀ kọjá dé Benin, kí ó tó kọrí sí Sapele. Ìrìnàjò náà gùn, awakọ̀ á sì fẹ́ dáhùn fóònù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ewu ìjàm̀bá fún awakọ̀ tó ń lo fóònù jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni tí kò lò ó. Ìyápíìsì tí kò gba ọwọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín ewu náà kù, nítorí pé ọkàn awakọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń gbà. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí awakọ̀ sì wo fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, ọkọ̀ náà ti rin nǹkan bíi mítà 139. Ìyẹn gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, láìsí ojú tó ń wo ọ̀nà.

Òfin ìrìnnà Nàìjíríà ka lílo fóònù nígbà tí ènìyàn bá ń wakọ̀ léèwọ̀. Èrò ọkọ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé, “Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a dúró bí ẹ bá fẹ́ gba ìpè yẹn.” Nọ́ńbà tí a lè fi pe àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, lọ́fẹ̀ẹ́ ni 122.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ orúkọ oògùn tí ẹ ń lò, ohun tí ara yín kò gbà, irú ẹ̀jẹ̀ yín àti nọ́ńbà ìbátan kan sí apá tí fóònù yà sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì. Àwọn olùrànlọ́wọ́ lè ka á bí fóònù bá tilẹ̀ wà ní títì. Ẹ tún kọ nọ́ńbà náà sí ìwé, kí ẹ fi í sínú àpò, nítorí bátìrì lè kú.

Lójú òfuurufú, lójú irin àti lójú omi

Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Osubi, lẹ́bàá Warri, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé power bank kì í wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí abẹ́ ọkọ̀. Báàgì ọwọ́ ni ibi tí ó yẹ kí ó wà. Bí ó bá gbiná lábẹ́ ọkọ̀, kò sẹ́ni tí yóò tètè rí i. Òfin àgbáyé gba èyí tí kò ju 100 watt-hour lọ. Èyí tó wà láàárín 100 àti 160 gba àṣẹ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Láti mọ iye rẹ̀, ẹ pín mAh sí 1,000, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 3.7. Èyí tó jẹ́ 20,000 mAh jẹ́ 74. Èyí tó jẹ́ 30,000 jẹ́ 111, ó sì ti kọjá 100.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2025, iná jó ọkọ̀ òfuurufú Air Busan kan ní Gúúsù Kòríà kí ó tó gbéra. Gbogbo èrò rí ọ̀nà jáde, àwọn olùwádìí sì sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ power bank ló fà á. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà, Emirates kò jẹ́ kí èrò lo power bank nínú ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yín léèrè kí ẹ tó dé pápákọ̀. Bí fóònù bá ṣubú sáàárín àga, ẹ má ṣe ti àga náà; ẹ pe òṣìṣẹ́ ọkọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Warri àti Ìtakpẹ́ ní ọdún 2020 ń fún ènìyàn ní wákàtí púpọ̀ láti gbọ́ orin. WHO sọ pé ohùn tó tó 80 desibẹ́ẹ̀lì kò séwu fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n bí ó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohùn ìyápíìsì kọjá ìdá 60 nínú 100. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn tí ẹ yọ ọ́, ó ti pọ̀ jù.

Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Burutu, Ogidigben tàbí Koko, kí ó wọ aṣọ amúniléfòó kí ó tó ronú fóònù. Kí ó fi fóònù sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ó sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnì kan nípa ọkọ̀ tó wọ̀ àti àkókò tó retí láti dé, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ.

Bátìrì tó ti kú

Ìlú Koko yìí kan náà ni wọ́n da ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì sí ní ọdún 1988, ọ̀rọ̀ náà ló sì mú kí ìjọba àpapọ̀ ṣòfin líle lórí irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kan ilé kọ̀ọ̀kan. Èéfín bátìrì tí a bá sun mọ́ pàǹtírí jẹ́ olóró, òjé tó wà nínú bátìrì ńlá tí a fi ń gba iná oòrùn pamọ́ sì lè ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má ṣe sun wọ́n, ẹ má sì ṣe tú wọn palẹ̀ nílé. Ẹ kó wọn jọ síbi tí ọmọdé kò lè dé, títí ẹ ó fi rí ẹni tó ń kó wọn lọ fún àtúnlò.

Ní àkótán, ohun mẹ́ta ni kí onílé yẹ̀ wò ní alẹ́ òní kí ó tó sùn: ṣé ẹ̀rọ amúnáwá, ti tèmi àti ti aládùúgbò, ti kú tàbí ó jìnnà sí fèrèsé? Ṣé kò sí fóònù tó ń gba iná lórí bẹ́ẹ̀dì? Ṣé gbogbo ará ilé mọ̀ pé bí orí bá ń fọ́ wọn lójijì nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ìta ni kí wọ́n kọ́kọ́ sá lọ?